Ọ̀dà Tí Mo Kùn Bo Ojú Irin

Káfíńtà ni mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó irin. Ní Ìkòròdú nígbà náà, lẹ́yìn ogun àwọn òyìnbó, ẹni tó bá ra ọkọ̀ akẹ́rù máa ń gbé e wá sọ́dọ̀ àwa káfíńtà kí a fi pákó kọ́ ara rẹ̀. Iṣẹ́ náà dára. Ohun tó ń dùn mí ni pé, ìgbàkígbà tí ṣáàsí bá sán, ìyẹn irin gígùn méjì tó gbé gbogbo mọ́tò dúró, èmi ni wọ́n á ní kí n wá tú pákó mi kúrò, ẹlòmíràn ni yóò sì jó irin náà pọ̀. Mo wá pinnu pé èmi náà á kọ́ iṣẹ́ yìí, n ó sì ra irinṣẹ́ tèmi sí ẹ̀yìnkùlé bàbá mi.

Sójà tó ti ogun Bọ́mà dé ni ọ̀gá tó kọ́ mi. Ibi tí àwọn ológun ti ń tún ọkọ̀ wọn ṣe ló ti mọ̀ ọ́n. Oṣù mẹ́rin péré ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ tí mo fi sọ pé mo ti gbọ́ iṣẹ́. Kò bá mi jiyàn. Ó tẹ̀ lé mi wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀bùtè Ìkòròdú, a lọ sí Èkó, sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta irinṣẹ́.

Ọ̀kan nínú ohun méjì tó wà níbẹ̀ ni mo lè rà. Ọ̀kan jẹ́ ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná jó irin, ó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ tó ń mu pẹtiróòlù. Àlòkù ni, ó sì wúwo bí ẹfọ̀n. Èkejì jẹ́ ti gáàsì: àgbá irin tí wọ́n ń da omi àti kábáìdì, òkúta tó ń di gáàsì nínú omi, sí, rọ́bà méjì, àti ọ̀pá iná kékeré kan tó ń dán bíi ṣíbí tuntun.

Ọ̀gá mi gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì náà. Ó ní, "Èyí ni kí o rà. Iná rẹ̀ máa ń wọ inú irin."

Mo ní, "Ọ̀gá, ariwo rẹ̀ ńkọ́? Ilé kéwú bàbá mi ń bẹ lẹ́yìnkùlé."

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ́ńjìnnì náà. "Ó dáa, ra ti gáàsì. Ṣùgbọ́n ọ̀pá iná yìí kéré. Páànù ni kí o máa fi jó, àti mọ́dígáàdì. O ò gbọdọ̀ fi kan ṣáàsí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, ọ̀gá."

Irọ́ ni mo fi ilé kéwú pa. Bàbá mi kì bá tí bínú. Nígbà tí mo padà ra ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ńṣe ló kó àwọn ọmọ kéwú lọ sí iwájú ilé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ńlá náà yóò dúró de mọ́tò tí yóò gbé e, ti gáàsì sì ṣeé gbé lọ sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní Ẹ̀bùtè. Wọ́n sì rí mi.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ dírẹ́bà. A jọ dàgbà ni, ojú kan náà la ti jọ ń kírun. Òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ ni ọkọ̀ akẹ́rù kan, èmi ni mo sì kan pákó rẹ̀. Ó máa ń kó gàrí àti èrò láti Ìkòròdú, á gba Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ẹ̀pẹ́, á sì kó ẹja gbígbẹ ní ọjà Olúwo bọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wa ọkọ̀ náà wá sílé mi. Ṣáàsí rẹ̀ ti sán lápá òsì.

Ó ní, "Wọ́n ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ sójà, ọ̀gá rẹ. Mo ní, ṣé ọ̀rẹ́ mi ò wá ní iná nílé ni?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo ní kó lọ jókòó, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọkọ̀ á ti délé.

Mo rá wọ abẹ́ ọkọ̀, mo wọ gílásì dúdú, mo tan iná. Wáyà tí mo fi ń lẹ̀ ẹ́ ń yọ́, ṣùgbọ́n ṣáàsí fúnra rẹ̀ kò yọ́. Wáyà kàn ń dì sí orí irin bí epo tó dì sórí ẹ̀kọ tútù. Nígbà tí mo fi òòlù kàn án, kò dún bí irin kan ṣoṣo. Mo mọ̀ nígbà náà. Mo ṣì lè fi irin pẹlẹbẹ lẹ̀ ẹ́, kí n lu ihò, kí n fi bóòtù dè é, tàbí kí n ní kí ó máa gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Ojú tì mí. Mo fi fáìlì rin ojú ibẹ̀ títí ó fi dán, mo sì kun ọ̀dà dúdú bò ó.

Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, ó fi ọwọ́ pa á. "Áà, ọwọ́ rẹ mà mọ́ o!"

Mo ní, "Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run."

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, ẹrù kún ọkọ̀, ó sì já sí kòtò kan. Ṣáàsí ṣẹ́, ọkọ̀ yà wọ igbó. Ara àwọn èrò bó, kò sí ẹni tó kú. Òun ni irin há lẹ́sẹ̀.

Mo bá a ní ọsibítù ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ti di ẹsẹ̀ náà mọ́ igi. Kí n tó jókòó ló ti ń sọ̀rọ̀: "Ẹ̀bi mi ni, ọ̀rẹ́ mi. Mo mọ ọ̀nà yẹn, mo sì sáré. Wo bí mo ṣe ba iṣẹ́ rẹ jẹ́."

Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Ọlọ́run á fún ọ ní àlàáfíà."

Nígbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà dé Ìkòròdú, ọ̀gá mi wá wò ó. Ó tẹjú mọ́ ojú ibi tó ti ṣẹ́: ìpẹtà ló kún inú rẹ̀, etí rẹ̀ nìkan, ibi tí iná mi dé, ló ń dán, kò nípọn ju èékánná lọ. Ó fi ìka họ ọ̀dà ibẹ̀. Ó wò mí, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí i, á dáhùn. Kò tún pè mí sí iṣẹ́ kankan mọ́.

Ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi jiná, ṣùgbọ́n ó wọ́. Kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́, kò sì lè wakọ̀. Wọ́n tú ọkọ̀ tà, ó sì kó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ìlú ìyàwó rẹ̀, ó ń bá àwọn àna rẹ̀ tún àwọ̀n ṣe.

Ọdún kẹta ni mo lọ bá a. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi láti ilé: n ó dọ̀bálẹ̀, n ó sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pamọ́. Mo bá a létí ọ̀sà, àwọ̀n lórí orúnkún rẹ̀, àwọn àna rẹ̀ mẹ́ta jókòó tì í. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ dìde, mo ní kó má ṣèyọnu.

Ó ní fún wọn pé, "Ẹni tí mo máa ń sọ fún yín nìyí. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó tirẹ̀ ní gbogbo Ìkòròdú. Èmi ni n ò mọ ọkọ̀ wà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n kí mi káàbọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ gbé ẹ̀bà àti ẹja tútù wá, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ jẹun, ọ̀nà jìn." Mo jẹun. Mo ní tí àwọn èèyàn náà bá lọ, n ó sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè ìyá rẹ̀, àti ẹni tó ń na ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ báyìí, ìrọ̀lẹ́ sì lẹ́. Ó fi ọ̀pá rìn sìn mí dé ibùdókọ̀.

Ó ní, "Ṣé o ṣì ń jó irin?"

Mo ní mo ṣì ń jó o.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni."

Ní àkókò òjò tó tẹ̀ lé e, wọ́n ránṣẹ́ pé ibà ti pa á. Kí n tó dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n ti sin ín. Ìyàwó rẹ̀ fún mi lómi mu. Mo béèrè àwọn ọmọ, ó ní ara wọn le. Mo jókòó díẹ̀, mo sì dìde láti máa bọ̀ ní Ìkòròdú.