Obìnrin Tí Kò Lè Gbàgbé Ọ̀nà

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ kékeré ní Òdìgbó, ìjọba ológun ló wà lóde, nǹkan sì le koko. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà láyé ìgbà náà kò ní gbàgbé. Ọṣẹ ni o, ṣúgà ni o, orí ìlà ni wọ́n ti ń rà á, ẹni tó bá sì rí i rà á fi aṣọ bò ó kó tó gbé e lọ sílé. Nílé tiwa, tíì wa kò mọ mílíìkì rí. Bàbá mi ní tíì dúdú ló ń jẹ́ kí ọmọ mọ̀wé, àwa náà sì gbà bẹ́ẹ̀, torí kò sí òmíràn tí a ó mu. Bí ebi bá pa wá lóko, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n funfun ara kóró kòkó lá títí ẹnu wa yóò fi kẹ̀.

Ní ti ohun ìṣeré, ẹ má wulẹ̀ bèèrè. Ta ló fẹ́ fowó ra bèbí fún ọmọ nígbà tí gààrí ṣe ọ̀wọ́n? Igi ẹ̀gẹ́ ni bèbí wa. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, máa ń to igi ẹ̀gẹ́ jọ sábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé, a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó kí oòrùn má bàa pa á, títí òjò àkọ́kọ́ yóò fi rọ̀ tí yóò lọ gbìn ín sí oko wa ní Omífunfun. Ìdí igi yẹn ni èmi àti Tọ́pẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ti dá ìlú kan sílẹ̀. Ìlú Igi la pe orúkọ rẹ̀. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló mọ̀ ọ́n.

Kì í ṣe pé ẹni tó bá dé yóò kàn bẹ̀rẹ̀ eré o. O gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá ẹni tìrẹ. O ó mú igi kan nínú òkìtì yẹn, gígùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju apá lọ. Ojú tó wà lára igi náà, ìyẹn ibi tí ewé ti ń yọ, òun ni agbára rẹ̀. Bí ejò bá bù ú ṣán nínú eré, tàbí tí ó ṣubú sódò, Tọ́pẹ́ yóò fi abẹ gé ojú kan kúrò. Tí ojú bá tán lára igi rẹ, o ti kú nìyẹn, àfi kí o lọ mú igi mìíràn kí o sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. O ó fi èédú ya ojú àti imú fún un, o ó sán àkísà mọ́ ọn nídìí. Lẹ́yìn náà o ó dìde dúró níwájú gbogbo wa, o ó sọ orúkọ rẹ̀, ibi tó ti wá, àti ohun tó lè ṣe. Ìyẹn nìkan kò tó. O ó sọ ohun kan tí kò lè ṣe.

Tọ́pẹ́ ló fi èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kún òfin. Ọmọ kan ló fà á, tó gbé igi tirẹ̀ dé, ó ní ẹni tòun lè fò, ó lè parẹ́, ọta kò ràn án, owó rẹ̀ kò sì lè tán. Eré ọjọ́ náà kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tó fi parí. Kí la fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe? Láti ọjọ́ náà, ẹni tí kò bá ní àléébù kò wọ Ìlú Igi.

Ẹni tèmi, Sìsí Dẹ́rẹ́bà, ó ń wa ọkọ̀ agbégẹdú láti Ọ̀rẹ̀ dé ibi gbogbo, ṣùgbọ́n kò lè fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn. Bó bá wọ ibi tí kò lójú ọ̀nà, ó parí, títí ayé ló máa wà níbẹ̀. Ti Tọ́pẹ́, ọ̀gá ṣọ́jà ni, ó ń ṣòfin láàárọ̀ lálẹ́, ṣùgbọ́n kò lè dúró níbi tí àkùkọ bá wà. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó ní ká pa ẹnu wa mọ́ kí wọ́n má bàa wá kó bàbá wa lọ. Ó ní ká kúnlẹ̀, ká nawọ́ sókè. Nígbà tó wọlé, mo gbọ́ tó ń dá rẹ́rìn-ín ní yàrá.

Àárín eré yìí la wà nígbà tí Morẹ́nikẹ́ dé. Ọmọ àbúrò bàbá mi obìnrin ni, Èkó ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ti dá bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́, onílé lé wọn jáde, bàbá náà sì wá iṣẹ́ lọ, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ ń lọ sí Wárí, níbi tí obìnrin aránṣọ kan ti ní kó wá máa ran òun lọ́wọ́, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n sì fẹ́ jọ máa gbé, kò sáyè fún ọmọ. Ọ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ Èkó ti máa ń dúró kí èrò jẹun. Ibẹ̀ náà ni Ìyá Àgbà ti lọ gba Morẹ́nikẹ́, èmi ni mo tẹ̀lé e. Àwọn oníbúrẹ́dì àti oníyán ń pariwo, dẹ́rẹ́bà ń fun fèrè, Àǹtí mi sì gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní òun kò ní í pẹ́. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi wé ọmọ náà lọ́rùn torí ọyẹ́, ó sì gun ọkọ̀ padà. Morẹ́nikẹ́ kò sunkún. Ó kàn dúró tó ń wo èéfín ọkọ̀ yẹn títí Ìyá Àgbà fi fà á lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ fún ọjọ́ gbọọrọ. Bí wọ́n bá fún un ní púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, yóò bu díẹ̀, yóò fọ ọwọ́. Ní ilé àdúrà wa, àwọn wòlíì gbàdúrà lé e lórí, wọ́n fún un ní omi mu, ó mu ún, kò ṣàmín. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ náà ń bà mí díẹ̀. Mo rò pé ẹni tó bá dákẹ́ báyẹn lè máa gbọ́ ohun tí èmi ń rò.

Ọjọ́ kan, a rí i tó wá síbi Ìlú Igi, igi kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti dá ẹni tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ya ojú fún un dáadáa, ó sì ya lára gèlè yẹn, ó so ó mọ́ igi náà tipẹ́tipẹ́. Tọ́pẹ́ ní òfin ni òfin, kó sọ̀rọ̀. A rò pé yóò sá lọ. Ó la ẹnu, ó ní, "Màámi ni. Láti Èkó. Ó mọ aṣọ rán."

Tọ́pẹ́ bi í pé kí ni kò lè ṣe. Ọmọ náà wo igi ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Kò lè gbàgbé ọ̀nà."

Àwa tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í jà, a ní ìyẹn kì í ṣe àléébù, ẹ̀tàn ni. Tọ́pẹ́ wo ọmọ náà lójú. Alákatakítí ni ẹ̀gbọ́n mi lórí òfin, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ló ti wù mí jù láyé. Ó ní àléébù ni, ẹni tí kò bá lè gbàgbé nǹkan ń jìyà, ó sì gba Màámi wọ ìlú.

Láti ìgbà náà ni Morẹ́nikẹ́ ti ń jẹun. Kó tó bu òkèlè, yóò kọ́kọ́ gbé e dé ibi ẹnu igi yẹn. Bí a bá parí eré, iyanrìn tútù tó wà lẹ́bàá ìkòkò omi ni a máa ń ki àwọn ẹni wa bọ̀ kí wọ́n má gbẹ, Morẹ́nikẹ́ yóò sì kí Màámi pé ó dàárọ̀. Ó sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí igi náà bá ṣì tutù, ìyá òun wà láàyè, yóò sì padà wá. Èmi náà gbà á gbọ́ pátápátá.

Àfi bí òjò ṣe rọ̀ lọ́jọ́ kan tí a wà nílé ìwé. Nígbà tí a dé, abẹ́ igi ọsàn ti mọ́ fefe. Ìyá Àgbà ti kó gbogbo igi ẹ̀gẹ́ lọ sí Omífunfun, ó sì ti kó tẹ̀bàá ìkòkò omi mọ́ ọn. Ó rò pé àwọn ọmọ ló wulẹ̀ fà wọ́n káàkiri. Ó ti tú àkísà ara wọn dànù, ó ti fi àdá gé wọn sí kéékèèké bí wọ́n ṣe ń gé e, ó sì ti gbìn wọ́n. Ọ̀gá ṣọ́jà, Sìsí Dẹ́rẹ́bà, gbogbo wọn ti wà nínú ebè.

Morẹ́nikẹ́ kígbe tí gbogbo ilé fi jáde. Ó ní, "Ìyá Àgbà, ẹ ti sin màámi."

Ẹni tó bá mọ Ìyá Àgbà, ìyá ìjọ tó ń wọ aṣọ funfun, tí kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ òkú nínú ilé rẹ̀, yóò rò pé ìgbátí ló kàn. Ṣùgbọ́n ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó ní ká ṣàlàyé fún òun. Nígbà tó gbọ́ tán, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní, "Ọma mi, mi ò gé èyí tó ní gèlè. Mo tú u títí, kò tú. Mo gbìn ín tòun taṣọ."

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì, ó kó wa lọ sóko. A rí i lóòótọ́. Ẹ̀gẹ́ yòókù ti ń yọ ewé, ṣùgbọ́n igi Màámi dúró gbẹ́kẹ́, kò sí ohun tó hù lára rẹ̀. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó pòṣé. Aṣọ tó wà lára rẹ̀ ló ṣì í lọ́nà, orí igi ló fi sọlẹ̀, ìdí rẹ̀ ló wà lókè. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá gbìn bẹ́ẹ̀, bí yóò tilẹ̀ hù, ó máa ń pẹ́. Ó fẹ́ fà á tu kó lè tún un gbìn. Morẹ́nikẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, Màámi mọ ọ̀nà.

Ìyá Àgbà fi í sílẹ̀. Ó tú omi àdúrà tó wà nínú ìgò rẹ̀ sí ìdí igi náà, ó gbàdúrà gígùn bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo Sátidé la ń lọ, gbogbo Sátidé la sì ń bá igi gbígbẹ. Lójú ọ̀nà, èmi á máa bẹ Ọlọ́run nínú mi. Mo ti ń rò ó pé bí igi yẹn bá kú, Morẹ́nikẹ́ kò tún ní í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́.

A dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, ewé pupa tín-ínrín ti yọ nísàlẹ̀. Ó ti wo ilẹ̀ lọ díẹ̀, ó wá ṣẹ́rí padà sókè. Morẹ́nikẹ́ jókòó ti ebè náà, ó rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo bú sẹ́kún, mi ò tilẹ̀ mọ ìdí rẹ̀.

Ọyẹ́ ọdún kejì ni Àǹtí mi dé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀, ó gun alùpùpù dé Òdìgbó, ó ti rù, báàgì kan ló gbé dání àti aṣọ pénpé kan tó rán fún ọmọ rẹ̀. Aṣọ náà ti kéré. Morẹ́nikẹ́ ń gbálẹ̀ lójúde. Kò sáré. Ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ ò ṣìnà?"

Ìyá rẹ̀ ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣìnà?" Ó dì mọ́ ọn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ìyá Àgbà hú ẹ̀gẹ́ Màámi. Ó rẹ ẹ́, ó fún un, ó mọ ọ́n róbótó róbótó, ó sì yá a lórí iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dúdú. Púpurú yẹn la fi jẹ ọbẹ̀ ilá àti ẹja gbígbẹ, gbogbo wa nínú abọ́ kan. Àǹtí mi kò mọ ohun tó ń jẹ. Nígbà tó ń padà sí Wárí, ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé e, kò sì gbàgbé láti sọ fún Ìyá Àgbà pé kó tọ́jú igi ẹ̀gẹ́ náà.

Mo rántí gbogbo èyí lóṣù tó kọjá, nígbà tí Ire ọmọ mi jókòó ti kọ̀ǹpútà tó ń dá ẹni tirẹ̀ nínú eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Morẹ́nikẹ́ wà ní Wárí tí wọ́n jọ ń ṣe é. Ire yan irun, ó yan àwọ̀ ojú, ó yan idà, ó pín agbára sí apá, ó pín sí ẹsẹ̀. Ó lẹ́wà, mi ò lè purọ́. Mo bi í pé kí ni ẹni náà kò lè ṣe. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ó ní, "Mọ́mì, wọn ò bèèrè ìyẹn."

Àwa ń bèèrè rẹ̀. Èédú ni tiwa, àkísà ni tiwa, abẹ Tọ́pẹ́ sì máa ń ṣe wá léṣe. Àwọn ọmọ òde òní kò kúnlẹ̀ nítorí eré, ohun gbogbo ló sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó wọn, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná mọ̀nàmọ́ná ba kọ̀ǹpútà náà jẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ire sunkún pé òun kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹni òun mọ́. Mo gbé e lọ sí Òdìgbó, mo sì sọ ìtàn Màámi fún un lójú ọ̀nà. Ìyá Àgbà ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n igi ẹ̀gẹ́ tó wá láti ara Màámi ṣì wà lẹ́yìn ilé. Wọ́n ń hú u lọ́dọọdún, wọ́n ń gé igi rẹ̀, wọ́n ń tún un gbìn, láti ọjọ́ náà títí di òní.

Ire bi mí pé èwo nínú wọn ni Màámi. Mo ní gbogbo wọn ni. Ó yan ọ̀kan, ó gbé e dání lọ sílé, ó sì wá èédú tí yóò fi ya ojú fún un tì.