Ọ̀fun Ọ̀gá Mi Kì Í Ṣe Páìpù Omi

Ìṣojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá bá mi ní Ìbàfò. Mo fi ojú mi méjèèjì rí inú ọ̀fun ọ̀gá mi, òun náà jókòó láàyè, ó ń gbé ògì mì. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, àwọn tó kàwé jù mí lọ sì kún àdúgbò wa bí eèrà, ṣùgbọ́n ta ni nínú wọn ló ti rí ọ̀fun ọ̀gá rẹ̀ rí?

Mo rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìkirè dé, tí ọ̀gá mi gbà mí síṣẹ́ pulọ́mbà. Àwa méjèèjì la fa omi wọ ilé láti Ìbàfò títí dé Mówe. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ omi tí kì í jò níbẹ̀, ẹ kí mi. Yàtọ̀ síṣẹ́, ohun tí ọ̀gá mi mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kó gbé òkèlè mì. Òkèlè iyán rẹ̀ tó ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé, á sì lọ gbuurugbu bí òkúta tí wọ́n jù sí kànga. Ọ̀gá mi a máa ní, "Ẹran la dá eyín fún. Ta ní ń jẹ iyán lẹ́nu?" Mo kọ́ ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ìgbà tó yá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Apá òsì rọ, ẹnu wọ́, bó bá sì mu omi, ikọ́ ni. Ní ọsibítù, dókítà ọ̀fun kan, obìnrin tí mo lè bí, fi ìka méjì lé gògóńgò ọ̀gá mi, ó fún un ní ṣíbí omi kékeré kan, ó ní kó gbé e mì, kó sì sọ̀rọ̀. Ó tẹ́tí sí ohùn rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ páìpù tó ń jò nínú ògiri. Lẹ́yìn náà ló kìlọ̀ fún èmi àti ìyàwó ọ̀gá: omi lásán kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun mímu gbọ́dọ̀ ki bí ògì. Kó jókòó ṣánṣán, kó tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, kó gbé ẹnu kan mì lẹ́ẹ̀mejì.

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Omi tí à ń fún àlejò kí a tó béèrè orúkọ rẹ̀! Kí wọ́n wá fi omi du pulọ́mbà!

Ní ọjọ́ kejì tí a délé, ìyàwó ọ̀gá jáde lọ ra ẹja, ó ku èmi àti ọ̀gá mi.

"Ọmọ Ìkirè, fún mi lómi."

"Ọ̀gá, dókítà ní ká má..."

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́, èmi àbí dókítà? Bí páìpù bá dí, kí là ń ṣe?"

"À ń fi omi tì í, sà."

"Kí lo wá ń wò?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ya omi inú ọ̀rá. Gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́, mo rántí pé páìpù gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ̀ kí omi tó lọ geere, ni mo bá gbé orí ọ̀gá mi sẹ́yìn, mo sì dà á. Ó wúkọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, "Ṣé o rí i?" ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dà bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú garawa omi. Inú mi dùn. Mo tún lọ fi ṣe fáàrí lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní ìsàlẹ̀ àdúgbò.

Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ara ọ̀gá mi gbóná bí ààrò, àyà rẹ̀ ń dún hùrùhùrù. Omi ti lọ bá ẹ̀dọ̀fóró. A dá a padà sí ọsibítù, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú láti máa fi bọ́ ọ. Nígbà tí ibà náà lọ, dókítà ní bí ọ̀fun náà kò bá kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ padà, ikùn ni àwọn máa lu ihò sí, ọ̀gá mi kò sì ní fi ẹnu jẹun mọ́ láyé.

"Ta ló fún wọn lómi?"

Ìyàwó ọ̀gá wò mí. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́! Mo ní, "Èmi ni."

Dókítà kò bú mi. Ó mú mi lọ síbi ẹ̀rọ tó dà bí tẹlifíṣọ̀n, tó ń fi inú ọ̀fun ọ̀gá mi hàn bó ṣe ń gbé ògì mì níwájú rẹ̀. Wọ́n ti po ẹfun mọ́ ògì kí ó lè hàn. "Ọ̀gá pulọ́mbà, ẹ wò ó. Ọ̀nà méjì ló wà lábẹ́ ẹnu kan. Ti iwájú ni ti èémí, ti ẹ̀yìn ni ti oúnjẹ. Ìdérí kékeré yìí ló ń bo ti èémí. Ti ọ̀gá yín ń pẹ́ kó tó pa dé. Ògì tó ki á dúró dè é díẹ̀. Omi kì í dúró de ẹnì kan. Kí ló dé tí ẹ tún gbé orí wọn sẹ́yìn?"

"Kí ó lè dà gẹ̀rẹ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ọjọ́ yẹn ló yé mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo ń lọ bá ọ̀gá mi ní ọsibítù ṣe ohun tí dókítà kọ́ wa: kó fi ahọ́n ti àjà ẹnu, kó gbé itọ́ mì pẹ̀lú agbára bí ẹni ń gbé òkèlè ńlá mì.

"Ọ̀gá, ẹ ṣe bí iyán!"

"Iyán dà? Ìwọ tó o fẹ́ fi omi pa mí."

"Lẹ́ẹ̀kan sí i, sà."

Àṣé ìgbéraga òkèlè wa ọjọ́sí máa wúlò! Nígbà tí wọ́n tún gbé e síwájú ẹ̀rọ, mo rí ìdérí náà tó pa dé, pinpin, lásìkò. Mo pariwo bí ẹni tó rí omi nínú kànga tuntun. Wọ́n yọ rọ́bà náà, ikùn rẹ̀ kò sì gba ihò.

Ọ̀gá mi wà ní Mówe títí di òní. Àsáró tó kúnná ló ń jẹ, omi tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pò kó lè ki bí ògì ló sì ń mu. Bí àlejò bá dé, á nawọ́ sí mi, á ní, "Ẹ má gba omi lọ́wọ́ eléyìí o." Mo ṣì ni pulọ́mbà tó dáa jù láti Ìbàfò dé Mówe, ṣùgbọ́n páìpù kan wà tí mi ò ní fọwọ́ kàn mọ́.

Ohun tí a pàdánù nìyí: ọjọ́ mọ́kànlélógún ní ọsibítù, ihò mẹ́rin lára bẹ́líìtì ọ̀gá mi, ohùn tó máa ń pè mí láti orí táǹkì, iyán, àti ife omi tútù kan.