Ẹ̀gbọ́n Mi Ló Kọ́ Mi ní Ìṣirò

Òórùn kẹrosíìnì ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá ní Mushin. Bí Ìyá wa bá ti tan sítóófù lọ́dẹ̀dẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ràfátù, á gbé garawa, ó di ìdí ẹ̀rọ omi. Ọdún mẹ́fà ló fi jù mí lọ. Ibẹ̀ ló ti kọ́ mi ní ìṣirò, torí bí tíṣà bá ti fi ọ̀rọ̀ gbé ìṣirò kalẹ̀, ojú mi á ṣókùnkùn.

"Kí ni wọ́n sọ fún wa? Kí ni wọ́n ń bi wá?" Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní dúrọ́ọ̀mù ilé wa ń gba garawa mẹ́rìnlélógún. Òun ń ru garawa kan, èmi ń ru ìdajì. Ẹ̀ẹ̀mélòó la máa lọ kó tó kún? Mo ní n kò mọ̀. Kò bínú. Ó ní kí n kọ́kọ́ ro iye tá a máa rù bá a bá lọ lẹ́ẹ̀mejì. Garawa mẹ́ta. Mẹ́ta mélòó ló wà nínú mẹ́rìnlélógún? Mẹ́jọ. Mẹ́jọ lọ́nà méjì ńkọ́? Mẹ́rìndínlógún. Bí mo bá sì ń kánjú, ọ̀rọ̀ Ìyá wa ló máa ń tún sọ: "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

Lọ́dún kejì, Bàbá wa, tí wọ́n jẹ́ káfíńtà, já bọ́ látorí òrùlé kan ní Ìpọ̀nrí. Ẹ̀yìn wọn kò gbé iṣẹ́ mọ́. Agbára wọn kò ká ju kí ẹnì kan ṣoṣo nínú wa máa lọ sílé-ìwé. Wọ́n pè wá jókòó lẹ́yìn àdúrà Àsùbáà, wọ́n ní Ràfátù ti mọ̀wé díẹ̀, kó lọ kọ́ṣẹ́ irun ṣíṣe ní Yaba. Ọdún kan péré ló kù kó jáde. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. N kò bá a sunkún. Inú mi dùn pé kì í ṣe èmi ni.

Síbẹ̀ ó ń kọ́ mi lọ, òróró irun ọwọ́ rẹ̀ ń ta sí ìwé mi, títí mo fi dé kíláàsì àṣejáde. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé ìṣirò kan bá a. Ó wò ó títí, ó kọ nǹkan, ó pa á rẹ́.

"Wọn ò tíì kọ́ wa débí kí n tó kúrò," ló wí.

"Mo ti mọ̀ pé ẹ ò ní mọ̀ ọ́n, Àǹtí."

Mo gba ìwé mi. N kò bi í ní nǹkan kan mọ́, òun náà kò sì béèrè ìwé mi mọ́.

Tíṣà ìṣirò ni mí lónìí ní Surulere. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí i ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítòsí Tejúoṣó. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ gbé iṣẹ́ àmúrelé wá, ìṣirò ọkọ̀ méjì tó ń lọ sí Costain. Ìṣirò tí Ràfátù ì bá ṣe lójú oorun nígbà kan ni. Kò tiẹ̀ wò ó.

"Lọ bá àǹtí ẹ. Èmi ò mọ ìṣirò láyé mi."

Kò bínú sọ ọ́. Ó gbà á gbọ́ ni. Ọmọ náà sì gbà á gbọ́. Mo gba ìwé náà, mo ṣe é.

Ọmọdé ni mí nígbà tí mo gba ìwé mi lọ́wọ́ rẹ̀. Èèyàn lè fojú fo ti ọmọdé. Àgbàlagbà tó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tó dákẹ́, kí ni àwáwí tirẹ̀?