Abẹ́rẹ́ Wa Nínú Abọ́ Ìyá Rìṣí

Aṣọ ilé-ìwé Bọ́lá ọmọ mi, èyí tó ti kéré fún un, ni mò ń fà ya láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mò ń wé e mọ́ ìdí abẹ́rẹ́ mi kó má baà máa bó mi lọ́wọ́. Ọdún tí epo bẹntiróòlù gbówó lórí lójijì ni, tí búrẹ́dì ń kéré sí i bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń yan án fún. Ọkọ mi tó ń já ẹrù ní èbúté Àpápá ti ń jókòó sílé, nítorí ọkọ̀ ojú omi kò wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn ló ń bọ́ wa.

Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bi mí pé kí ló dé tí àwa obìnrin aránpò kò fi ní ẹgbẹ́ mọ́.

Kì í ṣe abẹ́rẹ́ aṣọ. Ó gùn ju ìka lọ, ó sì tẹ̀ lẹ́nu. Òun la fi ń rán àpò ìyẹ̀fun tó bá ya, ní ilé ìkẹ́rùsí kan lọ́nà Kirikiri. Ilé iṣẹ́ kì í fún wa ní abẹ́rẹ́. Kálukú ló ń mú tirẹ̀ wá, kálukú ló sì ní àwọ̀ aṣọ tó fi ń wé ìdí rẹ̀. Tèmi jẹ́ búlúù. Ti Mama Ese, ará Warri tí a jọ ń gbé ilé kan ní Ajégúnlẹ̀, jẹ́ pupa.

Bí ìjà bá dé láàárín àwa àti ọ̀gá, àṣà wa ni pé gbogbo wa á ju abẹ́rẹ́ sínú abọ́ kan, a ó sì gbé e fún olórí wa. Ẹni tí kò ní abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kò lè yọ́ wọlé lọ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹgbẹ́.

Ìyá Rìṣí ni olórí wa. Ó dàgbà jù wá lọ, òun ló sì mú èmi gan-an wọ iṣẹ́ náà.

Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ yẹn, ọ̀gá ti ránṣẹ́ pé dọ́là ti wọ́n, àlìkámà kò wọlé mọ́, kí ìdajì wa máa lọ sílé.

Ìyá Rìṣí ní, "Ìdajì? Ṣé ìdajì ikùn la gbé wá síbí ni? Bí wọn ò bá gba gbogbo wa, kí wọ́n fi eyín rán àpò wọn."

A rẹ́rìn-ín. Ó gbé abọ́ síwájú. Ẹ̀rín dá. Kálukú ń wo ojú ẹnì kejì rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí ebi ò sí nílé rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ ju tèmi sí i.

Mama Ese ní, "Ìyá Bọ́lá wey no dey talk don talk o." Ó ju tirẹ̀ lé e. Àwọn yòókù tẹ̀ lé wa.

A jókòó síwájú géètì títí ilẹ̀ fi ṣú, a sì tún padà lọ́jọ́ kejì. Àwọn tírélà tò sílẹ̀, àpò tó ti ya ń da ìyẹ̀fun sójú títì. Lọ́sàn-án, ọ̀gá ránṣẹ́ pe Ìyá Rìṣí. Ó gbé abọ́ sábẹ́ apá.

Mo ní, "Mà, ẹ bá wa fi abọ́ sílẹ̀."

"Mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé kò sí abẹ́rẹ́ kan tó kù níta ni. Àbí o ò fọkàn tán mi?"

Ó gbé e wọlé lọ. A ò rí i kó jáde.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àwọn obìnrin tí a ò mọ̀ rí ti wà nínú ọgbà, wọ́n ń ránpò. Mama Ese fojú sí àlàfo géètì.

"Na my red cloth be dat," ó ní. "My needle dey work, me I dey for inside sun."

Èmi náà wò ó. Mo rí aṣọ búlúù Bọ́lá lọ́wọ́ Rìṣí, ọmọbìnrin olórí wa, tí kò rán àpò rí láyé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń ṣe alábòójútó. Kò gbójú sókè.

Mẹ́gáàdì ní, "Ẹ máa lọ sílé, ẹ̀yin ìyá wa. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kó irinṣẹ́ yín sílẹ̀."

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀gá kò ṣèlérí kankan fún mi rí, nítorí náà n kò lè sọ pé ó dà mí. Mama Ese kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí Warri láìparí sáà ìwé wọn. Bọ́lá fi ilé-ìwé sílẹ̀ fún odidi ọdún kan. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní a jèrè ni pé ilé iṣẹ́ ló ń pín abẹ́rẹ́ fún àwọn aránpò báyìí, wọ́n sì ń gbà á padà nírọ̀lẹ́. Èmi kò pe ìyẹn ní èrè. Àwọn tó wà níbẹ̀ lónìí kò ní ohun tí wọ́n lè jù sínú abọ́.

Àlàyé ni mo gbà pé olórí wa ṣì jẹ wá. Mo pàdé Ìyá Rìṣí ní ọjà Olódì láìpẹ́ yìí, níbi tó ti ń ṣa tòmátì. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí ẹni tí mò ń kí.

Mo ní, "Kí la ṣe fún yín, mà?"

Ó ń yí tòmátì kan lọ́wọ́, ó ń wá ibi tó ti rà lára rẹ̀.

"Ìwọ lo kọ́kọ́ ju tìrẹ sílẹ̀," ó ní. "Ká ní o di tìrẹ mú ni, àwọn yòókù kì bá tí kó tiwọn fún mi."