Ẹsẹ̀ Àlùfáà Lábẹ́ Máṣíìnì

Òórùn òrí tí wọ́n pò mọ́ káńfọ̀ ló jí mi láàárọ̀ Àìkú ọjọ́ náà. Mo bọ́ síta, mo bá Àlùfáà Ràfíù lórí ìdọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá mi, abọ́ òrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá mi kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Wọ́n ń gbálẹ̀ yí Àlùfáà ká bí ẹní ń gbálẹ̀ yí ìdí igi ká.

Láàárín ọ̀sẹ̀, Àlùfáà Ràfíù ló ń kọ́ àwa ọmọ àdúgbò ní kéú, ohùn wọn kì í sì í ròkè. Ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí wọ́n ká ṣòkòtò sókè, tí wọ́n dúró síwájú gólì ẹgbẹ́ Ìwó, ìlú wa, ẹ̀rù wọn a máa ba àgbà. Bàbá tó ń ta gúgúrú létí pápá nígbà náà ṣì wà láyé. Mo bi wọ́n léèrè láìpẹ́ yìí. "Ràfíù? Háà! Ọmọ mi, tó bá ń bọ̀, ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ. Ojú mi ló ṣe tí ẹnì kan fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún un, tó tún ní, 'Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà.'"

Ẹ̀gbọ́n mi Múfú kì í fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fẹ́nì kankan. Ìlú Kuta tó wà nítòsí ló ti kọ́ṣẹ́ télọ̀, ẹgbẹ́ ibẹ̀ ló sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Iléyá ku ọjọ́ mẹ́wàá, aṣọ tí àwọn ará àdúgbò kó fún un rán láti fi ṣọdún sì ti ga dé fèrèsé lọ́dẹ̀dẹ̀ wa. Ìyá mi kìlọ̀ fún un kó tó lọ sí pápá: "Ẹsẹ̀ ni máṣíìnì, Múfú. Irin lásán ni èyí tó kù."

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó ṣáájú Àìkú ọjọ́ náà, Múfú já wọ iwájú gólì Ìwó, òun nìkan. Àlùfáà fi ìdí wọ́ ilẹ̀ sí i. Gbì! Nígbà tí eruku rọlẹ̀, bọ́ọ̀lù ti lọ, Múfú sì di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Réfìrí kò fun fèrè. Bí wọ́n ṣe ń gbé e bọ̀ wálé, Múfú fúnra rẹ̀ ní: "Bọ́ọ̀lù ni wọ́n gbà. Ẹsẹ̀ mi ló pẹ́ níbẹ̀."

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí Àlùfáà bá gbé ṣubú, wọ́n á lọ kí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tàwọn tòrí.

Láàárọ̀ Àìkú náà, ìyá mi dá ìgbálẹ̀ dúró. "O ò ṣe jẹ́ kó gbá a wọlé?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Àmọ́ mo lè tẹ máṣíìnì."

Láti ọjọ́ náà, bí Àlùfáà bá ti kírun àsúbáà tán, wọ́n á fi òrí ra ẹsẹ̀ Múfú, wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ máṣíìnì. Múfú ń darí aṣọ, Àlùfáà ń tẹ máṣíìnì. Mò ń wo ẹsẹ̀ tí gbogbo Kuta ń sá fún, bó ṣe ń lọ sókè sódò bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Ẹ rọra o, Àlùfáà!" Múfú á pariwo. "Abẹ́rẹ́ kì í ṣe ará Kuta!"

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá ni aṣọ tó kẹ́yìn jáde. Ìyá mi bu oúnjẹ fún Àlùfáà kí wọ́n tó bu ti Múfú.

Iṣẹ́ oníròyìn ni mò ń ṣe báyìí. Mo ti kọ ohun tó gbé èèyàn ṣubú, òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Bíi ti Àlùfáà, bọ́ọ̀lù ni mo gbà. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbé abọ́ òrí lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni láàárọ̀ ọjọ́ kejì rí.