Àwọn Ọlálérè Orí Ògiri

Kò sí àlejò tó wọ pálọ̀ Alàgbà Adéyẹyè Ọlálérè ní Ìsọlọ̀ tí kì í gbọ́ ìtàn ògiri. Fọ́tò mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Tíṣà Ọlálérè tó dá ilé ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀ nílùú wọn ní Èkìtì, Dókítà Ọlálérè ọmọ rẹ̀, àti Adájọ́ Ọlálérè ọmọ-ọmọ rẹ̀. Alàgbà á nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní ilé àwọn nìyẹn. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n kò fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ orúkọ.

Ìgbà tí Tẹ́ní, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, mú àfẹ́sọ́nà wálé láti ibi iṣẹ́ wọn ní Apakun ni wàhálà dé. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní Babáfẹ́mi Ọlálérè lòun ń jẹ́. Ó gbójú sókè, ó rí Adájọ́, ó ní bàbá àgbà òun nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, ara Alàgbà ò balẹ̀ mọ́. Ẹni tó bára tan kì í fẹ́ra. Bó bá gbà, èèwọ̀ ni; bó bá kọ̀, Tẹ́ní tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tí kò mú ọkùnrin wálé rí, yóò sọkún. Á jókòó, á dìde, á lọ sí bákónì, á tún padà. Ìyàwó rẹ̀ ní kó wá jẹun, ó ní ebi ò pa òun, ó sì jẹ ẹran inú ọbẹ̀ tán lórí ìdúró.

Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó lọ sí Èjìgbò lọ́dọ̀ Ìyá Adébánjọ, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ìyàwó ilé ló ń ki ọmọ ọkọ. Òun ló sì máa ń mọ orírun ilé ju ọmọ onílé lọ. Alàgbà bi wọ́n bóyá àwọn àti ilé Tíṣà jọ ní baba ńlá kan. Màmá gbá a lẹ́yìn bí wọ́n ti ń ṣe fún un ní kékeré, wọ́n ń kì í:

"Ọkọ mi, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọmọ arọkọ́-má-roko."

Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ, kò sì fetí sí i rí. Màmá wá là á yé e pé bàbá bàbá rẹ̀, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ni wọ́n fi sọ́dọ̀ Tíṣà. Ó ń pọnmi, ó ń fọṣọ, kó lè kàwé. Lọ́jọ́ tó wọ ilé ìwé, orúkọ ọ̀gá tó ń tọ́ ọ ni wọ́n fún un, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún ọmọ ọ̀dọ̀ láyé ìgbà náà, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára.

"Ẹ ò bára yín tan rárá," ni Màmá wí. "Jẹ́ kí ọmọ fẹ́ ọkọ ẹ̀."

Ó yẹ kí inú Alàgbà dùn. Ṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé baba rẹ̀. Bó ti ń padà lọ, èrò burúkú kan wọ ọkàn rẹ̀: tó bá ní ẹbí ni wọ́n, tó kọ̀, ta ló máa mọ̀? Ta ló máa lọ bi arúgbó Èjìgbò? Ó rò ó títí tó fi kọjá ilé, àárín àwọn tó ń kiri ọjà ní Bọ́ládé ló ti tají.

Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, bàbá Babáfẹ́mi ò fi bọpo bọyọ̀. Lójú gbogbo ẹbí, ó ní, "Alàgbà, ṣé kì í ṣe baba kan náà ló bí wa?"

Alàgbà dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Tẹ́ní wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó di kọ́tìnnì mú.

"Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni wá," ni Alàgbà wí. "Bàbá bàbá mi ló ń pọnmi nílé Tíṣà. Ẹ̀yin lẹ lorúkọ, àwa kàn ń jẹ́ ẹ ni."

Ojú ń ti Alàgbà gan-an. Tẹ́ní wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí láti súre. Ohun tó sọ ni pé:

"Nínú gbogbo ọmọ tí mo bí, ìwọ nìkan ló máa jẹ́ Ọlálérè lóòótọ́."