Ọ̀dà Tí Kì Í Tètè Gbẹ

Òórùn òróró tí mo fi ń po ọ̀dà ló gba gbogbo fúláàtì mi ní Jakande, Ilasan, lásìkò òjò ọdún yẹn, òun àti afẹ́fẹ́ òkun tó máa ń mú kí ọ̀dà ògiri wa ṣí bí èèpo ẹ̀pà. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ló ní kí n ya àwòrán Bùọ̀dá, ọkọ wọn tó ti di olóògbé. Àgbàrá ti wọ ilé wọn ní Ajah, ó ba gbogbo fọ́tò Bùọ̀dá jẹ́, ẹ̀rù sì ń ba Àǹtí pé ojú náà ti ń parẹ́ lọ́kàn àwọn. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé yẹn, mo ṣì rántí rẹ̀ dáadáa.

Àǹtí fẹ́ gbé àwòrán náà lọ sí ìsìn ìrántí ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn, ọjọ́ sì ti ń sún mọ́lé. Wọ́n ní kí n lo ọ̀dà olómi lórí pákó, kó lè yá. Mo kọ̀, torí mo mọ ohun tí iyọ̀ òkun ń fi irú rẹ̀ ṣe ládùúgbò wa. Kánfáàsì tó nípọn ni mo rà, àti ọ̀dà olóròóró gidi, pàápàá funfun tí mo fẹ́ fi kun sùtánà Bùọ̀dá. Funfun pọ́ọ́kú kì í pẹ́ di aláwọ̀ ìyeyè. Ọ̀dà náà ń pẹ́ kó tó gbẹ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìpẹ́ yẹn ló jẹ́ kí n lè máa fi búrọ́ọ̀ṣì ra dúdú mọ́ pupa lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí ó fi jọ ara èèyàn. Mo gbádùn rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Nígbà tí Àǹtí pè mí lórí fóònù, mo ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

“Ẹ̀sọ̀ tìẹ yìí ti fẹ́ di ọ̀lẹ,” ni wọ́n dá mi lóhùn.

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá wá fúnra wọn. Wọ́n dúró níwájú àwòrán. Kí n tó lanu sọ pé ó ṣì tutù, ìka wọn ti wà lẹ́rẹ̀kẹ́ Bùọ̀dá, ó sì tẹ̀ ẹ́ wọnú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì kí n tún un ṣe, ni wọ́n bá di ọwọ́ mi mú.

“Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kí Bùọ̀dá ẹ mọ̀ pé mo débẹ̀.”

Ìsìn dé, ọ̀dà ò gbẹ; Àǹtí lọ láìgbé àwòrán dání, wọn ò sì bínú. Pálọ̀ wọn ní Ajah ló wà lónìí, lókè tí omi ò lè dé, funfun rẹ̀ ṣì funfun, ojú ìka náà sì wà níbẹ̀. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i. Mo yan ọ̀dà yẹn kí ojú Bùọ̀dá má baà parẹ́, òun náà ló gba ọwọ́ ìyàwó wọn mọ́ra. Ká ní èyí tó ń gbẹ wéré ni mo lò, Àǹtí ìbá kàn fọwọ́ kàn án lásán ni.